Ìlú Seville: Ohun tí Ojú Àlejò Ń Rí àti Ohun tí Ìtàn Ń Sọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ìlú kan wà ní apá gúúsù ilẹ̀ Sípéènì tí ìtàn àti àrọ́bá ti pàdé ní oríta rẹ̀ gbogbo. Seville ni orúkọ rẹ̀. Lọ́dọọdún ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti lo ìsinmi, láti wo ilé ńláńlá, láti jókòó lábẹ́ òjìji igi ọsàn, àti láti ya àwòrán tí wọn yóò fi han àwọn ará ilé nígbà tí wọ́n bá padà. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ẹni tí kò rìn kò mọ bí ayé ti gbòòrò tó.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ju wíwò lásán lọ. Bí olùkọ́ bá dé irú ìlú bẹ́ẹ̀, tàbí bí ó bá fẹ́ fi ìtàn rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ nínú kíláàsì, ó yẹ kí ó bi ògiri léèrè ẹni tí ó mọ ọ́n. Ó yẹ kí ó bi wúrà ara pẹpẹ léèrè ibi tí a ti wà á, àti ọwọ́ tí ó wà á. Ó sì yẹ kí ó wádìí bí àwọn ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ ti ṣe wọ inú ìtàn ìlú náà, nítorí pé wọ́n wọ inú rẹ̀, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rìn yí Seville ká bí àlejò ọjọ́ mélòó kan, kí a máa bèèrè bí a ti ń lọ.

Odò àti Àwọn Tí Ó Kọ́kọ́ Tẹ̀dó

Odò Guadalquivir ni ó bí Seville. Èdè Lárúbáwá ni orúkọ odò náà ti jáde wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "odò ńlá". Ìlú náà jìnnà sí òkun tó nǹkan bí 80 kìlómítà, síbẹ̀ láti ayé àtijọ́ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gba orí odò náà wọ inú rẹ̀. Àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́: Seville jẹ́ èbúté tí ọjà ń wọ̀, ó sì sápamọ́ fún àwọn olè orí òkun.

Àwọn ará Róòmù pè é ní Hispalis. Bí àlejò bá jáde kúrò nínú ìlú ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́sàn-án, yóò dé ahoro Italica, ìlú tí Scipio, ọ̀gágun Róòmù, tẹ̀dó fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní ọdún 206 ṣáájú ìbí Kristi. Ibẹ̀ ni a bí Trajan, ẹni tí ó jọba lórí gbogbo ilẹ̀ Róòmù láti ọdún 98 títí di ọdún 117. Gbàgede ìran tí ó wà níbẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan bí ènìyàn 25,000 lè jókòó nínú rẹ̀ láti wo ìjà ènìyàn àti ẹranko. Lónìí, koríko ni ó ń hù láàárín àwọn òkúta rẹ̀.

Nígbà tí agbára Róòmù wó, àwọn Visigoth gba ilẹ̀ náà. Ní àsìkò tiwọn ni Isidore jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Seville títí ó fi kú ní ọdún 636. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ ṣí fìlà fún ọkùnrin yìí. Nígbà tí ogun ti fọ́ ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ní Yúróòpù, ó kó ìmọ̀ ayé àtijọ́ jọ sínú ìwé ńlá kan tí a pín sí apá 20: ó sọ̀rọ̀ nípa gírámà, ìṣirò, ìṣègùn, òfin, ẹranko, òkúta, ọkọ̀ àti ohun èlò ilé. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ń mu nínú kànga tí ó gbẹ́.

Ilé Gogoro tí Ọwọ́ Mẹ́ta Kọ́

Ní ọdún 711 ni àwọn Mùsùlùmí la ojú omi kọjá láti Áfíríkà sí ilẹ̀ Sípéènì, nígbà tí ó sì di ọdún 712, Seville ti wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Lárúbáwá nìkan ni àwọn tí ó jọba níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1091, àwọn Almoravid gba Seville, wọ́n sì lé al-Mu'tamid, ọba tí ó tún jẹ́ akéwì, lọ sí ìgbèkùn ní Mòrókò. Àwọn ẹ̀yà aṣálẹ̀ Sàhárà, ní agbègbè tí a ń pè ní Moriténíà lónìí, ni ó dá agbára Almoravid sílẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn Almohad dé láti orí òkè Atlas ní Mòrókò. Fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, láti ilẹ̀ Áfíríkà ni àṣẹ tí ó ń darí Seville ti ń wá.

Àwọn Almohad ni ó kọ́ mọ́sálásí ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1172. Ní ọdún 1184 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé gogoro tí ládàánì yóò ti máa pe ìrun, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1198. Òun ni a ń pè ní Giralda lónìí, òun sì ni ojú àlejò kọ́kọ́ ń wá. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan ní ìlú Marrakesh àti àbúrò kan ní ìlú Rabat, nítorí pé àwọn ọba kan náà ni ó kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A kò fi àtẹ̀gùn sí inú rẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ó rọra ń gòkè ni a fi yí i po nínú, ìpele 35 ni wọ́n, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè gun ẹran dé òkè.

Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wo ilé náà yóò rí i pé ọwọ́ mẹ́ta ni ó kọ́ ọ. Ní ìsàlẹ̀, àwọn òkúta Róòmù wà níbẹ̀ tí a ṣì lè rí ìwé èdè Látìn lára wọn. Ní àárín ni bíríkì àwọn Almohad wà, pẹ̀lú ọnà tí ó jọ iṣẹ́ àwùn. Ní òkè pátápátá ni ilé agogo tí àwọn Krìsìtẹ́nì fi kún un láàárín ọdún 1558 sí 1568, tí gíga rẹ̀ fi tó nǹkan bí mítà 104. Ère obìnrin kan wà ní ṣóńṣó rẹ̀ tí atẹ́gùn ń yí, láti ara yíyí yìí ni orúkọ Giralda sì ti wá.

Báwo ni Krìsìtẹ́nì ṣe gba ìlú náà? Ọba Ferdinand Kẹta ti Castile dó tì í fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ já afárá tí a fi àwọn ọkọ̀ so pọ̀ lórí odò, oúnjẹ kò rí ọ̀nà wọlé mọ́, ìlú sì túúbá ní oṣù kọkànlá ọdún 1248. Àrọ́bá kan sọ pé àwọn Mùsùlùmí fẹ́ wó ilé gogoro wọn kí ó má baà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá, ṣùgbọ́n ọmọ ọba ránṣẹ́ sí wọn pé bí bíríkì kan ṣoṣo bá kúrò lára rẹ̀, ẹ̀mí gbogbo wọn ni yóò lọ sí i. Yálà bẹ́ẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé náà dúró. Àwọn tí ó ṣẹ́gun lò ó, wọn kò wó o.

Ṣọ́ọ̀ṣì, Ibojì àti Ààfin

Mọ́sálásí ńlá náà kò rí irú oríire yẹn. Ní ọdún 1401 ni àwọn àlùfáà pinnu láti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí ipò rẹ̀, iṣẹ́ náà sì gbà wọ́n ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Àwọn ará ìlú a máa sọ pé ohun tí àwọn àlùfáà náà ń lépa ni ilé tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò fi rò pé orí wọn dàrú. Ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí ó tóbi jù lọ ní ayé ni. Àgbàlá tí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe àlùwàlá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, igi ọsàn ni ó kún inú rẹ̀ báyìí.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni ibojì Ọba Ferdinand wà. Èdè mẹ́rin ni a fi kọ ọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀: Látìn, èdè Castile, Lárúbáwá àti Hébérù. Ẹni tí ó bá rí i yóò rò pé àwọn ẹlẹ́sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé pọ̀ ní ìrẹ́pọ̀ láéláé. Ó ṣe ni láàánú pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1391, àwọn jàǹdùkú dìde sí àwọn Júù ìlú náà lẹ́yìn ìwàásù ìkórìíra tí àlùfáà kan ti ń ṣe fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì fi ipá sọ àwọn mìíràn di Krìsìtẹ́nì. Àdúgbò Santa Cruz, tí àwọn àlejò fẹ́ràn nítorí àwọn ọ̀nà tóóró rẹ̀ tí ó tutù nígbà ooru, ni àdúgbò àwọn Júù wọ̀nyí. Ní Seville náà ni ilé ẹjọ́ ẹ̀sìn Sípéènì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1480, èyí tí ó ń fìyà jẹ àwọn tí a fura sí pé ìgbàgbọ́ wọn kò pé. Ní ọdún 1492, a lé gbogbo Júù tí kò gbà láti yí padà kúrò ní ilẹ̀ náà.

Òdìkejì ṣọ́ọ̀ṣì ni ààfin Alcázar wà. Ọba Pedro, Krìsìtẹ́nì ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kọ́ ààfin tirẹ̀ ní ọdún 1364, ó pe àwọn oníṣọ̀nà láti Granada àti Toledo. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ṣe ọ̀ṣọ́ sí ara ògiri ọba Krìsìtẹ́nì, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá ń rò pé àṣà kan lè dá dúró láìyá lọ́wọ́ òmíràn.

Wúrà, Fàdákà àti Òkun

Nígbà tí Columbus ti rìnrìn àjò dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1492, ìjọba Sípéènì nílò ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo ọjà ayé tuntun yóò máa gbà wọlé. Ní ọdún 1503, wọ́n dá ilé iṣẹ́ tí ń ṣàkóso òwò náà sílẹ̀ ní Seville. Kò sí ọkọ̀ tí ó lè lọ sí Amẹ́ríkà tàbí tí ó lè ti ibẹ̀ bọ̀ bí kò gba àṣẹ níbẹ̀. Láti Seville ni ọkọ̀ márùn-ún Magellan ti gbéra ní oṣù kẹjọ ọdún 1519, pẹ̀lú àwọn atukọ̀ tí ó lé ní 200. Nígbà tí ọkọ̀ kan ṣoṣo, Victoria, padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1522 lẹ́yìn tí ó ti yí gbogbo ayé ká, ọkùnrin 18 péré ni ó kù nínú rẹ̀. Magellan fúnra rẹ̀ ti kú lọ́nà.

Ọ̀pọ̀ fàdákà wọlé, pàápàá láti òkè Potosí tí a rí ní ọdún 1545, níbi tí a ti ń fi ipá mú àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ihò. Seville di ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó lọ́rọ̀ jù ní Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ tí ó gba orí omi wọlé lè gba orí omi jáde. Ní ọdún 1649, àjàkálẹ̀ àrùn pa tó ìdajì àwọn ará ìlú. Iyanrìn ń dí odò náà, ọkọ̀ sì ń tóbi sí i, títí tí èbúté Cádiz tí ó wà létí òkun fi rọrùn jù ú lọ. Ní ọdún 1717, a gbé ilé iṣẹ́ òwò náà lọ sí Cádiz.

Àwọn Adúláwọ̀ ní Seville

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Kí Columbus tó gbéra rárá ni àwọn adúláwọ̀ ti wà ní Seville. Àwọn kan ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀ dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Láti àárín ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ọkọ̀ àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lórí àwọn àtẹ̀gùn ìta ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí àlejò ń dúró ya àwòrán lónìí ni àwọn oníṣòwò ti máa ń pàdé, wọ́n sì ń ta ènìyàn níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọjà yòókù. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ìjọ ka àwọn ènìyàn ní ọdún 1565, wọ́n rí ẹrú tí ó lé ní 6,000 láàárín nǹkan bí ènìyàn 85,000. Àwọn ará Mòrókò àti àwọn ọmọ Mùsùlùmí Sípéènì wà nínú wọn, ṣùgbọ́n adúláwọ̀ pọ̀ gan-an. Wọ́n ń pọn omi, wọ́n ń dáná, wọ́n ń ru ẹrù ní èbúté, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́.

Síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí orúkọ wọn parẹ́. Ní òpin ọ̀rúndún kẹrìnlá ni bíṣọ́ọ̀bù àgbà Gonzalo de Mena dá ẹgbẹ́ ìjọ kan sílẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú ilé ìwòsàn tí a ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn àti àwọn tí olówó wọn ti kọ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1475, Ọba Ferdinand àti Ayaba Isabella yan adúláwọ̀ kan, Juan de Valladolid, ṣe onídàájọ́ àti olórí gbogbo àwọn adúláwọ̀ Seville. Àwọn ará ìlú a máa pè é ní ìjòyè dúdú, òpópó kan sì ń jẹ́ orúkọ yẹn títí di òní, nítòsí ilé ìsìn ẹgbẹ́ náà.

Ìtàn kan wà tí ẹgbẹ́ yìí kò jẹ́ gbàgbé. Ní àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún ní ọlá Màríà bí àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n owó kò sí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n ti di òmìnira ní kí a fi ara àwọn wá owó: wọ́n gbà láti padà sí oko ẹrú kí àjọ̀dún lè ṣe é ṣe. Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò. Ènìyàn tí ayé kò kà sí ẹnikẹ́ni fi ohun kan ṣoṣo tí ó ní tọrọ ọlá fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Àwọn méjì yìí san iye rẹ̀ ní gbangba.

Ẹgbẹ́ náà ṣì wà. Ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ṣáájú Àjíǹde, wọ́n ń gbé ère wọn yí ìlú ká, orúkọ tí gbogbo ìlú sì mọ̀ wọ́n sí ni Los Negritos, àwọn dúdú kéékèèké. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù nínú wọn báyìí. Àrùn pa àwọn adúláwọ̀ mìíràn, ọ̀pọ̀ sì gbé ara wọn níyàwó pẹ̀lú àwọn ará ìlú títí àwọ̀ wọn fi dàpọ̀. Orúkọ dúró, àwọn tí ó ni ín ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìlú lọ.

Ilé Ìpamọ́ Ìwé

Láàárín ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àti ààfin ni ilé kan wà tí ọ̀pọ̀ àlejò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìwọlé. Àwọn oníṣòwò ni a kọ́ ọ fún ní òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ní ọdún 1785, Ọba Charles Kẹta pàṣẹ pé kí a kó gbogbo ìwé ìjọba nípa Amẹ́ríkà jọ sí inú rẹ̀. Nǹkan bí ìdì ìwé 43,000 ni ó wà níbẹ̀, ojú ewé wọn sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 80. Ní ọdún 1987, àjọ UNESCO ka ilé yìí, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àti ààfin Alcázar mọ́ ogún gbogbo ayé.

Ìwé ibẹ̀ kàn wá. Ní ọdún 1518 ni ọba Sípéènì fún ìjòyè kan ní àṣẹ láti kó adúláwọ̀ 4,000 lọ sí Amẹ́ríkà tààrà láti Áfíríkà. Bí ọ̀nà ńlá ti là nìyẹn. Nígbà tí ogun abẹ́lé fọ́ ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí a sì ń kó àwọn ènìyàn wa lọ sí oko ìrèké ní Kúbà, níbi tí a ti ń pè wọ́n ní Lukumí, ọjọ́ ògo Seville ti kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a là nígbà náà ni a ṣì ń tọ̀. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó parí ní Kúbà. Nígbà tí Sípéènì pàdánù erékùṣù náà ní ọdún 1898, wọ́n gbé pósí Columbus kúrò ní Havana wá sí ṣọ́ọ̀ṣì Seville, níbi tí ère ọba mẹ́rin ti gbé e lé èjìká. Ohun gbogbo tí ó ti ẹnu ọ̀nà yẹn jáde ni ó ń padà wálé, àyàfi àwọn tí a kó lọ.

Ẹ̀kọ́ fún Àwa Olùkọ́

Kí ni kí a wá fi ìrìn yìí ṣe nínú kíláàsì? Mo rò pé ohun méjì ni. Èkínní, kí a má kọ́ ọmọ láti yan ọ̀kan nínú ẹwà àti ìwà ìkà, bí ẹni pé ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Owó kan náà ni ó kun pẹpẹ ní wúrà tí ó sì ra ènìyàn lórí àtẹ̀gùn. Ọmọ tí ó bá mọ ẹwà nìkan yóò di ẹni tí ń yin olówó láìbèèrè. Èyí tí ó bá mọ ìwà ìkà nìkan kò ní rí ọgbọ́n àwọn oníṣọ̀nà Áfíríkà tí ó gbé Giralda ró, kò sì ní rí ìgboyà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì náà.

Èkejì, ìlú tí ó bá pa ohun àtijọ́ rẹ̀ mọ́ ni a lè bi léèrè ọ̀rọ̀. Bí kò bá sí ìdì ìwé wọ̀nyẹn, bí wọ́n bá ti wó ilé gogoro náà ní ọdún 1248, ta ni ìbá jẹ́rìí pé àwọn ará Áfíríkà jọba níbẹ̀ rí, pé adúláwọ̀ sì ti ṣe onídàájọ́ níbẹ̀? Odi Kánò, yàrà ìlú Benin, ilé àwọn Àgùdà ní Èkó, gbogbo wọn ni ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń wó lójú wa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹni tí ó mọ ògiri tí ó dàgbà jù ní àdúgbò rẹ̀, kí ó lọ bi àgbà tí ó mọ̀ ọ́n léèrè kí àgbà náà tó lọ. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.